Òkè Tí N Kò Wò Láàárọ̀ Ọyẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ má tíì bú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí pé Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹbí Délé ń bọ̀ wá tọrọ Bùsáyọ̀, ọmọ mi.

Nígbà náà, èmi àti Délé la jọ ń wo ojú ọjọ́ fún ọkọ̀ òfúrufú ní Ìdànrè níbí. Èmi ni ọ̀gá. Lásìkò ọyẹ́, a ó dúró lágbàlá ọ́fíìsì láàárọ̀, a ó wo òkè. Bí orí òkè bá hàn, a ó ránṣẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́. Ohun tí a bá sọ ni awakọ̀ òfúrufú ń gbọ́kàn lé.

Lọ́jọ́ kan, Délé bẹ̀ mí kí n bá òun wo òkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì tó kàn án, ìyá òun ń ṣàìsàn ní Owena. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kòkó mi ti fẹ́ bu. Èmi àti Bùsáyọ̀ ń sá a lẹ́yìnkùlé, n kò lọ mọ́. Mo fi fóònù ránṣẹ́ pé òkè hàn, torí ó hàn lánàá rẹ̀. Abẹ́ òkè yẹn ni wọ́n bí mi sí. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n.

Òkè ò hàn rárá. Ọkọ̀ òfúrufú dé, kò rí ilẹ̀. Ó ń yí po títí epo rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó rí ibòmíràn bà sí. Kò sẹ́ni tó kú, mo dúpẹ́.

Orúkọ Délé ló wà nínú ìwé iṣẹ́ fún àárọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò yí i padà. Wọ́n lé e. Mo dákẹ́. Mo tún parọ́ fún un pé mo wo òkè dáadáa, pé ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ọyẹ́ bò ó. Ó ní, "Ọ̀gá, kádàrá mi ni." Oko olóko ló ti ń ro láti ìgbà náà.

Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa, ó ń wá bá Bùsáyọ̀. Bó bá ti kí mi tán, á ní, "Bàbá, ṣé òkè hàn lónìí?" Á rẹ́rìn-ín. Kí ló ń rín? Bùsáyọ̀ nìkan ló mọ̀ pé n kò kúrò nídìí kòkó láàárọ̀ yẹn. Ṣé ó ti sọ fún un ni? Bí mo bá wọlé, wọ́n á dákẹ́. Ṣé ọmọ mi ló fẹ́, àbí èmi ló ń wá?

Lánàá, ó gbé tapólì tuntun wá. Ó ní, "Ẹ máa sá kòkó lé e, Bàbá, kó má tún dí yín lọ́wọ́ iṣẹ́."

Kó má tún.

Wọ́n ní kò sí àṣegbé, àṣepamọ́ ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí kò bá mọ̀, tí mo jẹ́wọ́, ọmọ mi lè pàdánù ọkọ. Bó bá ti mọ̀, tí mo dákẹ́, ọwọ́ ẹni tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ ni mo fẹ́ fa ọmọ mi lé. Tapólì náà ṣì wà ní kíká lẹ́nu ọ̀nà. N kò tíì lè fọwọ́ kàn án.