Ohun Tí Ìyá Ìgò Fi Hàn Mí Nínú Omi Òkúta

Ẹ̀yin ọmọ mi, dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà nínú mi kí ó tó bá mi lọ. Ìmọ̀ tí gbogbo ayé fi ń yìn mí, mo jí i ni. Ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora.

Nílé iṣẹ́ wa, a máa ń lọ òkúta yuréníọ̀mù, a ó fi ásíìdì rẹ ẹ́, a ó wá da oògùn sínú omi rẹ̀ kí yuréníọ̀mù lè yà kúrò, kó sọ̀kalẹ̀ bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ìyeyè. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìyẹ̀fun wa kúnná jù, ó ń léfòó kiri bí eruku, asẹ́ ò lè gbé e. Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá ojútùú, èmi tí mo kàwé kàwé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, obìnrin tó ń bá wa fọ ìgò, tí a ń pè ní Ìyá Ìgò, fà mí sẹ́yìn: “Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Ìgò tí ìyẹ̀fun àná bá ṣẹ́ kù sí nídìí, tòní kì í pẹ́ kó tó balẹ̀ níbẹ̀. Àbí ojú mi ni?” Mo rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀ mo bu ìyẹ̀fun àná díẹ̀ sínú ìgò, mo da omi òkúta tuntun lé e, mo rọra ń kán oògùn sí i. Háà! Tuntun ń so mọ́ ti àná, ó ń wúwo, ó ń balẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ẹni pé oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń rọ̀ bí òjò. Omi orí rẹ̀ tòrò. Gbogbo irun ara mi dìde. Ìyá Ìgò káwọ́ lérí: “Ọlọ́run ò, iṣẹ́ rẹ mà tóbi o!”

Orúkọ èmi nìkan ni mo kọ sínú ìwé tí mo fi kéde àwárí náà. Nígbà tí ọ̀gá àgbà gbọ́ fìnrìn-fìnrìn pé Ìyá Ìgò ló kọ́kọ́ rí i, tó bi mí léèrè, ohun tí mo sọ rèé, ẹ gbọ́ kí ẹ kórìíra mi: “Obìnrin yẹn? Ìgò tó bá fọ̀ kì í mọ́. Ó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́.” Wọ́n lé e lọ́sẹ̀ náà. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀.” Bàtà mi ni mo ń wò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wá a lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo jẹ́wọ́.  Ó béèrè, “Ṣé ó ṣì ń yára balẹ̀?” Mo ní, “Nínú gbogbo táǹkì wa, Ìyá.” Ojú rẹ̀ tàn bíi ti ọmọdé. “Ti ìdáríjì,” ó ní, “ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.”

Mo ti kọ̀wé sílé iṣẹ́, orúkọ rẹ̀ gan-an ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá là yín lójú, ẹ má fọ́ tirẹ̀. Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tètè lọ.