Sípíkà Ìyàwó Bàbá Tíṣà Kò Kú Rárá

Ṣé ẹ̀yin náà gbà pé gbogbo ọmọ tó bá dọ̀bálẹ̀ ló ń kí èèyàn? Ẹ rọra o.

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún tó kọjá. Mo ń sọ ọ́ báyìí torí òní gan-an là ń lọ Òkukù, ibi tí ẹ̀rí wà.

Èmi ni Ọ̀gá Báàsì ti Ìkìrun. Èmi náà ni mo fún ara mi lórúkọ yẹn. Mo ti jáde sẹ́kọ́ńdìrì, mò ń dúró de yunifásítì, yunifásítì ò dúró dè mí.

Bàbá Tíṣà, ọ̀rẹ́ bàbá mi ní Ìnísà, ní sípíkà onípákó ńlá méjì. Olóògbé ìyàwó wọn ló rà á. Ọmọ wọn wá fi sọ́búfà ránṣẹ́, àpótí tó ń gbé báàsì, ìró ìsàlẹ̀ orin tó ń mi ilé. Wọ́n ní kí n so ó mọ́ sípíkà. Mo so ó. Dípò kí báàsì pọ̀ sí i, ńṣe ló pòórá.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú tì mí. Mo ní, "Sà, sípíkà yín ti kú."

Bàbá fọwọ́ pa pákó ẹ̀ lára. "Ó mà ṣe o. Ó ti lọ bá ẹni tó rà á." Wọ́n kó o fún ṣọ́ọ̀ṣì àbúrò wọn l'Ókukù, bóyá wọ́n á rí i tún ṣe.

Nígbà tó yá, báàsì tún pòórá nílé tiwa. Mo wò ó fínní: wáyà tó yẹ kó wọ ojú pupa, mo ti kì í bọ dúdú, bí mo ṣe ṣe nílé Bàbá gan-an. Bí sọ́búfà ṣe ń tì ni sípíkà ń fà, wọ́n ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Mo yí i padà, ilé mì! Sípíkà Bàbá ò kú. Orí mi ló kú.

Mo lọ Ìnísà láti jẹ́wọ́. Bàbá ti ra sípíkà tuntun, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tò ó. Ẹ jẹ́ n fọ́nnu díẹ̀: mo gbé sọ́búfà sórí àga tí Bàbá máa ń jókòó sí, mo wá ń fàyà fà káàkiri pálọ̀. Ibi tí báàsì bá ti dùn jù létí mi nílẹ̀, ibẹ̀ là á gbé e sí. Bàbá wọlé bá mi lórí ikùn.

"Háà! Dìde, ọmọ mi. Kí lo ṣe?"

Ìjẹ́wọ́ ti dé ètè mi. Mo ní, "Mò ń kí yín ni, sà."

Títí dòní, èmi ni wọ́n fi ń ṣàpẹẹrẹ ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ní Ìnísà. Báàsì yẹn sì dùn, n ò parọ́ ìyẹn! Ṣùgbọ́n bí orin ṣe ń lọ, Bàbá mí kanlẹ̀: "Ká ní ti ìyàwó mi ṣì wà ni."

Ṣọ́ọ̀ṣì Òkukù náà ti ra sọ́búfà báyìí, wọ́n fẹ́ kí n tún sípíkà Bàbá tí wọn ò tíì tàn wò rí ṣe, kí n so ó mọ́ ọn. Bàbá ló júwe mi fún wọn, Bàbá náà ló ń gbé mi lọ. Sípíkà yẹn á kọrin lónìí, torí n ò lè mọ̀ọ́mọ̀ tò ó kó má dùn. Bàbá á sì gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún wọn lójú ọ̀nà, àbí kí n jẹ́ kó tẹnu sípíkà jáde? Ẹ dárí jì mí, ẹ tètè dá mi lóh—

"Délé! Ọ̀gá Báàsì! Mo ti tan mọ́tò o!"

Mò ń bọ̀, sà!