Ojú Ìwé Àkọ́kọ́ Tí Mo Fà Ya

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó wà nídìí fáànù bá mi pa á. Ariwo rẹ̀ pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé òun ò gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀gá àgbà ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán yìí, kí n là yín lọ́yẹ̀ lórí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè lọ láì fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó gba dígírì nínú yàrá ìfọṣọ ilé ìwòsàn yìí. Màá sọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì ti tó àkókò kó jáde. Bí mo bá tún gbé e mì lónìí, yóò pa mí. Dígírì tí ẹ fi ń yìn mí yẹn, mo jí i ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, Baba Alọṣọ. Mi ò ṣeré.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ ni yunifásítì ńlá tó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́: ọdún mẹ́fà ni, owó rẹ̀ ga, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa fẹsẹ̀ ara yín débẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń kọ́ èèyàn lórí fóònù: owó rẹ̀ kò pọ̀, ọdún márùn-ún ni, ẹ lè kà á lórí bẹ́ẹ̀dì yín, bí oorun bá gbà fún yín. Ẹ̀kẹta ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Àwọn yẹn máa ń ka iṣẹ́ tí èèyàn ti ṣe mọ́ ẹ̀kọ́. Bí o bá mú àkọsílẹ̀ wá tó fi hàn pé o mọ iṣẹ́ rẹ dénú, wọ́n á yọ ìdajì kọ́ọ̀sì kúrò, ìdajì owó á bá a lọ, ọdún méjì lo máa fi parí. Fún irú àwa tí a ti ń fọ aṣọ ọlọ́mọ fọ aṣọ aláìsàn láti ìgbà èwe wa, ọ̀rọ̀ náà kò gba àròjinlẹ̀ rárá: ẹ̀kẹta ni. Ohun tí mo sì sọ fún àbúrò mi nípa ẹ̀kẹta yìí ni pé ilé ayédèrú ni.

Àbúrò mi tí mò ń wí, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ni, tó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún. A ò bá ara wa tan, iṣẹ́ ló dà wá pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dé láìpẹ́ máa ń bèèrè pé kí ló dé tí à ń pè é bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ ò rí bírò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó máa ń kọ̀wé nígbà kan. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún ni nígbà tó dé, èmi ni mo sì fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ hàn án. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tó bá rí, inú ìwé kan tó ní èèpo aláwọ̀ ewé ló ń kọ ọ́ sí: ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ omi gbígbóná, omi tútù ni kí a kọ́kọ́ fi ṣàn án, aṣọ yàrá iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ bá aṣọ ọmọ ìkókó pàdé nínú ẹ̀rọ kan náà, bí ẹ̀rọ kẹrin bá ń hanrun bí arúgbó tó sùn, bẹ́líìtì rẹ̀ ti fẹ́ já nìyẹn, ọjọ́ méjì ló kù. Á kọ déètì sí i, á kọ ẹni tó kọ́ òun. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Baba Alọṣọ á ní, "Kọ-ọ́-sílẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sín o, ṣé o ti kọ ọ́?" Á ní, "Baba, ẹ tún sín, mi ò tíì wo aago." Ọdún mẹ́jọ ló fi kọ ìwé yẹn.

Nígbà tí ọ̀gá wa àtijọ́ fẹ̀yìn tì, wọ́n fi mí ṣe adelé. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ìwé jáde láti ọ́fíìsì òkè pé ẹni tó bá máa jókòó sórí àga yẹn gbọ́dọ̀ ní dígírì. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mí nígbà náà. Mo mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni mo fi mọ̀ ọ́n, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Kọ-ọ́-sílẹ̀ wá bá mi nínú yàrá ọṣẹ, ó kó ìwé ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kẹta yìí ló wù mí. Wọ́n ní àwọn á ka ìwé mi sí ẹ̀kọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ." Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ? Ká jọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí etí mi gbọ́ ni pé ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ fẹ́ wá di ọ̀gá mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sì bínú sí i bí ẹni pé ó ti ṣẹ̀ mí. Mo ní, "Àbúrò mi, wọ́n á gba owó rẹ, wọ́n á fún ọ ní bébà lásán. Yunifásítì ńlá ni kó o lọ, ọpọlọ rẹ gbé e." Ó gbà mí gbọ́. Ó ní, "Ọpẹ́lọpẹ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ǹ bá ti kó sí wàhálà." Ọpẹ́lọpẹ́ mi, èmi ìkà yìí!

Ó wọ kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ta ló ń pín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ níbí? Èmi ni. Mi ò lé e kúrò nílé-ẹ̀kọ́ o. Mo kàn ń fi orúkọ rẹ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́sẹ̀ kan, mo ń fi sí ti Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Bó bá bẹ̀ mí, màá ní èèyàn ló wọ́n, kì í ṣe ẹjọ́ mi. Lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀, ó fi í sílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kó tó fi í sílẹ̀, ìyá rẹ̀ ṣubú, ó sì gba ààyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti lọ tọ́jú wọn. Ó gbé ìwé rẹ̀ fún mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá yọ àwọn yòókù lẹ́nu, ẹ ṣí i fún wọn." Mo ra ìwé tuntun, mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná mi, mo dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo pa déètì dà. Níbi tó bá ti kọ "ẹ̀gbọ́n mi kọ́ mi pé," mo kọ "mo ṣàkíyèsí pé." Ọkọ mi ń kọjá lọ, ó ní, "Háà, ìyàwó mi ti di akẹ́kọ̀ọ́!" Mo rẹ́rìn-ín fún un. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló kọ́ mi lọ́rùn. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, déètì wà níbẹ̀, ọ̀gá wa àtijọ́ sì ti lu òǹtẹ̀ yàrá ìfọṣọ sí i láti fi bá a ṣeré. Mo fà á ya kúrò nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tó dé tó bèèrè, mo ní omi ló dà sí i, ó bàjẹ́. Ó fi ìka tọ etí ibi tó ti ya, ó sì gbé ìwé rẹ̀ lọ.

Mo gbé àdàkọ mi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kẹta, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní àwọn ò rí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún méjì pé, mo gba dígírì, wọ́n fi mí jókòó sórí àga ọ̀gá. Kọ-ọ́-sílẹ̀ ló kọ́kọ́ wá kí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, èyí tí ẹ ní ayédèrú ni kọ́ nìyí?" Mo ní wọ́n ti ṣàtúnṣe. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, èmi náà á lọ." Kí ni mo fẹ́ wí? Bí mo bá ní kó má lọ, yóò bèèrè ìdí. Mo jẹ́ kó máa lọ. Ó gbé ìwé rẹ̀ lọ, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ pe àwa méjèèjì.

Yàrá kan ni, tábìlì gígùn, èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n tẹ́ ìwé méjì sílẹ̀: tèmi tó mọ́ tónítóní, àti tirẹ̀ tí ooru ẹ̀rọ ti mú wú, tí ọṣẹ ti bó èèpo rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọ aṣọ rí ì bá mọ èwo ni ojúlówó. Ṣùgbọ́n tèmi ló kọ́kọ́ débẹ̀, èmi sì ni ọ̀gá. Obìnrin tó wà láàárín ní, "Màdáámù, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ìwé méjèèjì. Ta ló wo ti ta?" Kọ-ọ́-sílẹ̀ ò tilẹ̀ bínú. Ó yíjú sí mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó rò pé àṣìṣe lásán ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn." Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, èmi àgbà yìí wà lọ́jà, èmi gan-an ni mo tẹ orí ọmọ náà wọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ni. Ìkánjú ló ṣe é. Mo máa ń fi ìwé mi sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì dà á kọ. Ẹ bá mi foríjì í, ẹ má jẹ́ kó dé ibi iṣẹ́ wa." Mo jí ẹrù rẹ̀, mo tún wá bá a tọrọ ìdáríjì bí olè! Àwọn ìgbìmọ̀ ní èèyàn dáadáa ni mí. Wọ́n ní nítorí tèmi àwọn ò ní kọ̀wé sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n kó má fẹsẹ̀ kan ọ̀dọ̀ àwọn mọ́.

A jọ sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mò ń retí kó bú mi, kó gbá mi létí pàápàá. A dé ìsàlẹ̀, ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi kọ́ ló ba ojú ìwé yẹn jẹ́." Ìyẹn nìkan ló sọ. Ọjọ́ kejì ó dé ibi iṣẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n," bí ó ti ń sọ tẹ́lẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ láràárọ̀ títí di òní. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú yín. Ṣùgbọ́n kò kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Kí ló wá dé lónìí? Ọjọ́ Ajé ni ọ̀gá àgbà kó fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn kan nínú yín ti kọ fún mi kí n wò ó. Mo rí tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, ó ti mú èkejì, ti orí fóònù, ọdún márùn-ún gbáko, torí pé mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀kẹta mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kò tíì fi sí i, ọjọ́ Ẹtì sì ni wọ́n máa gbà á. Lánàá mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Wọ́n ní ìgbìmọ̀ máa jókòó lórí dígírì mi, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gbà á padà lọ́wọ́ mi. Kí wọ́n gbà á. Ọ̀gá àgbà, àga tí ẹ fi mí jókòó sí náà nìyẹn, mo fi í sílẹ̀. Wọ́n wá ṣí àpótí kan, wọ́n gbé ìwé eléèpo aláwọ̀ ewé náà jáde. Àbúrò mi kò padà lọ gbà á láti ọdún mẹ́sàn-án. Mo mú ojú ìwé tí mo fà ya jáde. Ẹ̀yìn dígírì mi nínú férémù ni mo fi í pamọ́ sí, mi ò lè sun ún. Mo gbé e sí i, etí rẹ̀ sì bára mu. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ín fúnra rẹ̀ mú ojú ìwé náà wá, àwọn á ka ìwé rẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ẹni yòówù tó bá ń gbà yín nímọ̀ràn lórí ilé-ẹ̀kọ́, àní kó jẹ́ èmi, ẹ bi í léèrè ohun tí òun fẹ́ rí níbẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ìlọsíwájú ẹlòmíràn bà yín lẹ́rù débi tí ẹ ó fi pa á lára. Ẹ jẹ́ kí n ka ohun tó wà lójú ìwé yìí fún yín. "Mo bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí lónìí torí pé ẹ̀gbọ́n mi fi sùúrù kọ́ mi. Bó bá wúlò lọ́jọ́ kan, àwa méjèèjì la ni ín." Ohun tí mo jí, ó ti fún mi kí n tó jí i.

Àbúrò mi, mo ṣẹ̀ ọ́. Mo bẹ̀ ọ́. Má dá mi lóhùn níbí. Mo ti fi ojú àwọn èèyàn há ọ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, mi ò ní ṣe é mọ́. Bí o kò bá tiẹ̀ dárí jì mí láéláé, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Mo ń fi ojú ìwé rẹ sílẹ̀ sórí tábìlì yìí, màá sì jáde kó o lè mú un láì wo ojú mi. Má ṣáà fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù yẹn.