Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sàráà àti Ẹsẹ̀ Ìyá Mi

Ẹ bá mi kígbe ìyìn sí Ọba tí kò jẹ́ kí wọ́n gé ìka ẹsẹ̀ ìyá mi! Halelúyà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e, ohùn mi kéré. Halelúyà!

Ẹ̀yin ará, ẹ mọ̀ mí. Bọ́sẹ̀ ni mí, èmi tí mo máa ń jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mi ò kàwé lọ títí, mi ò sì lè sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ṣùgbọ́n lónìí, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́, torí pé Ọlọ́run ṣe é fún wa. Ojú mi sì rí nǹkan lọ́wọ́ ìyá mi kí Ó tó ṣe é! Wọ́n jókòó síwájú níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti ń fojú sọ fún mi pé kí n jókòó. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Òùngbẹ ló kọ́kọ́ ń gbẹ wọ́n ṣáá, wọ́n ń tọ̀ ṣáá. Ní ọsibítù, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Nọ́ọ̀sì kan wá ṣoore fún wa, ó gbé áàpù kan sínú fóònù mi. Àwòrán oúnjẹ ló kún inú rẹ̀, kò la ìwé kíkà lọ. Ohunkóhun tí ìyá mi bá jẹ, kí n tẹ àwòrán rẹ̀. Láràárọ̀, a ó gún wọn níka, a ó wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn, màá tẹ ìyẹn náà. Bí wọ́n bá gbé fóònù rìn, á ka ìṣísẹ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì ní, "Bọ́sẹ̀, fóònù ò mọ̀ ju ohun tí ẹ bá sọ fún un lọ o."

Mo gbọ́, mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀fọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bà tí kò tó ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, mo tẹ̀ ẹ́. Màámi ń rìn láti ilé wa ní Egan dé ojú títì, wọ́n ń rìn padà. Ṣúgà kò wálẹ̀! Ojoojúmọ́ ni fóònù ń yọ àwọ̀ pupa sí mi bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó sú mi. Ẹ̀yin ará, ó sú mi!

Ẹnu ìyẹn la wà tí màámi fi fẹsẹ̀ gún nǹkan lọ́nà ìjọ. Ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà bí a bá ti wọ sùtánà. Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Egbò náà kọ̀, kò jiná. Ìka kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Dókítà wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Bí ṣúgà yìí ò bá wálẹ̀ kíá, a máa gé ìka yìí o, kó má baà di odindi ẹsẹ̀." Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo gbogbo ohun tí mo tẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo ohun tí màmá ń jẹ rèé? Adìẹ gan-an ń jẹ jù báyìí lọ. Àbí irọ́ lò ń tẹ̀ sínú fóònù?"

 Mo fi etí ìró nu omijé, mo gba fóònù mi.

A jáde, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, à ń dúró de oògùn. Mo gbọ́ tí ọ̀rá ń dún. Mo yíjú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́! Èèpo méjì ti wà lórí itan ìyá mi, ìkẹta wà lẹ́nu wọn!

"Màámi! Kí lẹ ń jẹ yẹn?"

"Sàráà ni."

"Sàráà báwo?"

"Sàráà ìsìn àná. Ṣé o ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pín in ni?"

"Ẹ ò sì sọ fún mi kí n tẹ̀ ẹ́!"

"Tẹ kí ni? Bọ́sẹ̀, ṣé orí ẹ pé ṣá? Wọ́n ti gbàdúrà sí i. Ìbùkún ni, kì í ṣe oúnjẹ. Fóònù wo ló fẹ́ ka ìbùkún?"

"Oyin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì yín ńkọ́? Ṣé ẹ ń lá a ni?"

"Oyin àdúrà nìyẹn. Ṣíbí mẹ́ta láràárọ̀, ní orúkọ Mẹ́talọ́kan."

Mo ké! Èmi Bọ́sẹ̀, mo ké ní ọsibítù, gbogbo èrò yíjú wò mí. Láti ìgbà tí mo ti ń tẹ ẹ̀fọ́, oyin ni wọ́n ń lá! Kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í pín èso níbí. Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́. Wọ́n ní bí àwọn bá kọ sàráà, ìwòsàn làwọn kọ̀ yẹn.

Ni mo bá ní kí n lọ bá Bàbá Alábòójútó wa. Ọjọ́ Ìsinmi méjì ni mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wọn, tí mo tún ń padà. Ní ẹ̀kẹta, Bàbá fúnra wọn pè mí. "Bọ́sẹ̀, kí ló dé tí o ń ṣọ́ ilẹ̀kùn mi?" Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ láìgbé orí sókè. Wọ́n ránṣẹ́ pe màámi.

"Ìyá Bọ́sẹ̀, nígbà tí a gbàdúrà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣé ó di ẹ̀wà ni?"

"Rárá o, Bàbá."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ló ṣì jẹ́. Ẹ ṣe àmín sí àdúrà, kí ẹ fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ara rẹ̀ gbà á. Kí ẹ sì ki sùtánà yín bọ báàgì, ẹ wọ bàtà wá, kí ẹ wá pààrọ̀ aṣọ níbí."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màámi fi bínú sí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ràn, wọ́n sì fi oyin náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn ló ń pè mí: "Bọ́sẹ̀, mo jẹ ọsàn kan o. Tètè tẹ̀ ẹ́, kí fóònù ẹ má pè mí lólè." Ẹ̀yin ará, ṣúgà wálẹ̀! Díẹ̀díẹ̀, ó wálẹ̀. Egbò bẹ̀rẹ̀ sí í san. Lọ́jọ́ tí a padà lọ sí ọsibítù, dókítà tẹ ìka náà, màámi pariwo, "Yéè!" Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ó ń dùn yín? Ó dáa bẹ́ẹ̀, ìka yìí ò tíì kú nìyẹn. A ò gé nǹkan kan mọ́."

Olúwa, mo dúpẹ́! Bàbá, ẹ ṣeun. Nọ́ọ̀sì wa, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní irú àìsàn yìí, ẹ má sọ̀rètí nù. Ẹ gbàdúrà, ẹ lo oògùn yín, ẹ máa rìn. Bí wọ́n bá gbé áàpù fún yín, ẹ sọ òótọ́ fún un, títí kan èyí tí ẹ jẹ nílé Ọlọ́run. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tọ́jú wọn, mo mọ̀ pé ó ń sú yín. Ó sú èmi náà. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Màámi, mo ti sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ bínú dọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ dìde ná, ẹ na ẹsẹ̀ yín síta, kí àwọn ará bá mi ka ìka rẹ̀. Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún! Ògo ni fún Ọlọ́run!