Ẹ̀rọ Yẹn Ò Bàjẹ́ Rí

Alága wa, Alàájì Àrìmíyàù, mo kí yín. Bàbá wa Lémọ́ọ̀mù, tí ẹ ti Adjamé wá nítorí tèmi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ tètè pa ìsọ̀ dé lọ́sàn-án òní, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ wa, tí mo ti gbọ́ ohùn yín ju ohùn àwọn ọmọ tèmi lọ, mo kí yín. Tantie Odette, aládùúgbò mi, bonjour, wọn á máa túmọ̀ fún yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Faransé lẹ fi ń dáhùn, ẹ kú ìdúró, nítorí mo rí i pé àga ò kárí. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Láti mille neuf cent soixante (1960) títí di soixante-dix-huit (1978) tí a wà yìí, ọdún méjìdínlógún, kò sí ìgbéyàwó, kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí eré ọjọ́ Àìkú kan tí ẹgbẹ́ àwa ọmọ Yorùbá ṣe ní Treichville, lájò wa níbí, tí mi ò sí nídìí ẹ̀rọ míkró. Etí mi ti ń ro báyìí. Ó tó kí ọwọ́ mìíràn gbà á, Taïrou ni yóò sì gbà á lónìí.

Ta ni kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Ṣé alága ni, tó gbé ẹ̀rọ fún mi nígbà tí mi ò mọ ohunkóhun ju ìwé girama tí mo kà ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ? Ó ní, “Ìwọ lo kàwé, ìwọ ni wáyà yẹ.” Odidi ọdún kan ni ẹ̀rù wáyà fi bà mí. Ṣé Moufoutaou ni, olórí àwọn olórin wa, tó kọ́ mi pé olórin kì í wá kí ohùn òun pọ̀, pé kó mọ́ gaara ló ń wá? Àbí Rakiatou ìyàwó mi, tó ń fi ìró rẹ̀ wé ẹ̀rọ nígbà òjò, tí òun fúnra rẹ̀ á wá máa gbọ̀n?

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ tí mo bá fi irọ́ bò mọ́lẹ̀ kò lè dé ọ̀run. Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ wa ní àìsàn kan. Láàárín eré, á kàn ṣàdédé hu fíìì, a ò ní í gbọ́ ohun tí olórin ń sọ mọ́. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ọ́ ní Ìyáálé, ẹ ní ìgbà tó bá wù ú ló ń ké. Ẹgbẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tuntun náà ń hu. Alága ní, “Àbí epè ni?” Bàbá Lémọ́ọ̀mù ṣàdúrà lé e lórí. Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí epè kankan. Ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́ rí. Èmi ni mò ń mú un hu.

Moufoutaou, má fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rí ọ.

Ẹ mọ àṣà àwọn olórin wa: bí orin bá di mẹ́ta, wọ́n á dẹ ìlù sílẹ̀, wọ́n á bá èrò sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àdúrà ni, tàbí kí wọ́n máa ki ọlọ́jọ́ ìbí, ọwọ́ mi á wà nínú àpò. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣèjọba, bí olórin bá ní ìrẹsì ti wọ́n jù tàbí pé ìwé ìgbélùú ti le jù, màá fi ìka méjì yí bọ́tìnnì ohùn sókè díẹ̀ ju bó ti yẹ. Ẹ̀rọ á hu. Olórin á lu míkró pẹ́pẹ́, á rẹ́rìn-ín, á padà sínú orin. Ẹ̀yin olórin, ẹ ò bínú sí mi rí. Mo dúpẹ́, mo sì tọrọ gáfárà.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé. Nítorí Sùlè ni. Àwọn àgbà rántí Sùlè ará Porto-Novo, olóhùn dídùn. Ní cinquante-huit, ọdún méjì kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ, níbi eré kan, ó fi míkró fọ́nnu pé àwa la mọ̀wé ju onílé lọ, pé láìsí wa, àwọn ọ́fíìsì ìjọba ní Plateau á ti ilẹ̀kùn. Èrò pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ ni rògbòdìyàn dé, tí àwọn onílé ń lé àwọn ará Dahomey àti Togo. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ládùúgbò wa? Mo rí Sùlè tó ru mátíráàsì lọ sí èbúté, a ò sì rí i mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà tèmi, tí wọn ò mọ ará Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ sí ará Dahomey, Tantie Odette ló dúró síbẹ̀ tó ní, “Àwọn èèyàn tèmi nìyí.” Sidikatou ọmọ mi wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta. Tantie, mi ò lè san án fún yín láyé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ẹnu àìmẹ́nu ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo wá fi ìbẹ̀rù tèmi dí ẹnu gbogbo yín.

Sidikatou dàgbà, ó di olórin. Ní avril tó kọjá, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó dẹ ìlù sílẹ̀, ó ní, “Treichville yìí ni wọ́n bí mi sí. Ilé-ìwé ibí ni mo lọ. Ẹ̀yin tó ń ṣòfin, ẹ sọ fún mi, ọdún mélòó ni àlejò fi ń jẹ́ àlejò?” Mo mú un hu. Ó dúró kó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mo tún mú un hu. Ló bá gbé míkró sílẹ̀, ó bọ́ sí etí pèpéle, ó fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ẹ̀yin náà gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, àwọn ìjọba ránṣẹ́ pè é sí Plateau. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Wọ́n bi í léèrè, ó dáhùn, wọ́n ní kó máa lọ. Nínú ọkọ̀ ojú omi tí à ń bá bọ̀, ó ní, “Bàbá, láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti mọ̀. Mo máa ń rí ìka yín.”

Mo ní, “Kí ló dé tí o ò fi sọ fún ẹnikẹ́ni?”

Ó ní, “Mo rò pé ẹ̀ ń dáàbò bo àwọn èèyàn ni. Ìgbà tó kàn mí ni mo tó mọ bó ṣe ń rí, kéèyàn máa sọ̀rọ̀, kí bàbá ẹni máa hu bò ó.”

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Gonzagueville. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Bí mi ò bá sí nílé ló ń wá kí ìyá rẹ̀. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Lónìí, ó bá àwọn olórin wá, ó ń wolẹ̀ níbẹ̀ yẹn.

Sidikatou, ìwọ kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́, lójú gbogbo èèyàn, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí n bẹ̀ ọ́ lójú gbogbo wọn. Irọ́ ni màá pa bí mo bá ní ẹ̀rù ò bà mí mọ́. Ó ń bà mí bí mo ti dúró yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tèmi ni, èmi ni kó máa gbé e.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí àtúnrí ohun tó lé Sùlè lọ. Kó fún Taïrou ní etí tó jí àti ọwọ́ tó rọlẹ̀. Kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Bouaké rántí kọ lẹ́tà, Gafarou ọmọ mi, ẹni tó bá rí ọ níbẹ̀, kó sọ fún ọ. Kí àwọn tó wà ní Gonzagueville rántí pé ojoojúmọ́ ni ọkọ̀ ń ti ibẹ̀ bọ̀ wá sí Treichville, àti pé ìyá wọn ṣì ń fi oúnjẹ wọn sílẹ̀. Kí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa má dáhoro.

Moufoutaou, gbé míkró fún Sidikatou. Ohun tó bá wù ú ni kó sọ. Ọdún méjìdínlógún ni mo fi wo ẹ̀yìn olórin. Mò ń lọ jókòó níwájú báyìí, kí n lè rí ojú ọmọ mi bó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ ṣé o.