Ìbùkún Tí Ẹnu Anyelina Ń Wá

Don Plinio, alága wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà ìlú Baní tí ẹ fi oorun ọ̀sán sílẹ̀ nítorí ìfẹ̀yìntì mi, mo júbà. Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òbí, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o: èmi Ercilia tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹnu tèmi gan-an ló ń gbọ̀n lónìí!

Àárò yàrá kékeré wa ní ilé ìwòsàn yẹn á sọ mí. Mo ń rántí dígí ńlá ara ògiri, fáànù tó ń ké ju àwọn ọmọ lọ, àti òórùn kọfí Noelia akọ̀wé wa. Noelia, dìde kí wọ́n rí ẹ jàre! Ìyá wo ló sunkún wọlé rí tí o kò fi kọfí pàdé? Ojú mi le, ohùn mi sì máa ń ga, ẹ forí jì mí. Noelia ló máa ń tẹ̀lé mi lẹ́yìn tí á máa bá mi tún un ṣe.

Ṣé ẹ rántí ìgbà tí Yokasta kọ́kọ́ mú Anyelina ọmọ rẹ̀ wá? Ọmọ náà ti tó ẹni tí ń rojọ́. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́ yékéyéké, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà kì í jáde bákan náà lẹ́nu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn aládùúgbò ní eku ló jẹ ahọ́n rẹ̀. Èyí tó dun Yokasta jù ni ti ìyá ọkọ rẹ̀, Doña Fredesvinda. Ẹ mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọ tó bá wọlé tí kò wí pé "Bendición, abuela," tí kò tọrọ ìbùkún lọ́wọ́ ìyá àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni. Doña ní ẹni tí kò bá tọrọ kò ní gbà. Àwọn ọmọ-ọmọ yòókù á gba ìbùkún tiwọn, Anyelina á dúró síbẹ̀, á máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ni Yokasta bá ń di ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ mú: "Wí i! Àní kí o wí i!"

Mo ní, "Yokasta, fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ sílẹ̀! Kì í ṣe oríkunkun. Ó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà láti ọpọlọ dé ẹnu ni kò tíì là. Jókòó kí ojú yín ṣe déédéé. Sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níbi ìwẹ̀, níbi oúnjẹ, nínú orin, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Tí ẹnu bá kọ̀, jẹ́ kó fi ọwọ́ sọ ọ́."

"Ṣé ọwọ́ ò ní sọ ọ́ di odi, ẹ̀gbọ́n?"

"Rárá o. Ọwọ́ ló máa ti ẹnu lẹ́yìn."

Mo wá lọ bá Doña nílé. "Mama, àwọn ọmọkùnrin yín onírùngbọ̀n wọ̀nyí, báwo ni wọ́n ṣe ń tọrọ ìbùkún?"

"Wọ́n á ní, 'Ción, mamá.'"

"Wọ́n gé orí ọ̀rọ̀ sọnù, ẹ sì ń súre fún wọn! Kí ló dé tó jẹ́ ọmọdé yìí nìkan lẹ ní kó gbé odidi rẹ̀ wá?"

Ó pòṣé. "Ìwọ obìnrin yìí, ẹnu ẹ mú jù." Ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odidi.

Ó pẹ́ kí ẹnu tó gbà. Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo wà níbẹ̀, Anyelina dúró níwájú ìyá àgbà. Ó ní "to." Ó ní "yo," kò tíì bọ́ sí i. Àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ bá a sọ ọ́, Doña na ìka sí i: "Pa ẹnu ẹ dé! Èmi lọmọ ń bá sọ̀rọ̀." Ó wá jáde: "Sió," ìyẹn "Ción" lẹ́nu tirẹ̀. Háà! Ìyá àgbà fa ọmọ mọ́ra, ó súre tòní, ó súre gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá, títí ìrẹsì fi jóná lórí iná. Mo sunkún, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yin tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún, ọwọ́ yín á máa ròkè. Ẹ̀yin òbí, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ilé wa á tòrò, ayọ̀ ni a ó máa bá ara wa yọ̀.

Anyelina ti di ọ̀dọ́mọbìnrin, òun ló sì ní òun fẹ́ gba àdúrà ìparí fún mi. Àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì máa ń há sí i lẹ́nu. Bó bá dúró, ẹ bá a dúró. Kí ẹnikẹ́ni má bá a parí rẹ̀ o. Ọmọ mi, gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ ṣé o.