Èmi Ni Mo Pa Ìsọ̀ Ọ̀gá Mi Rẹ́ Lórí Máàpù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba àwọn ènìyàn nímọ̀ràn níbí, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn, tí mo sì ń bá wọn dá sí i. Mo tilẹ̀ máa ń bú àwọn kan. Lónìí, ọ̀rọ̀ tèmi ló délẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù gbọ́ mi. Nǹkan kan máa ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Tí mi ò bá sọ̀rọ̀ kó tó dìgbà yẹn, mo mọ ara mi, mi ò ní sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Fọkanáísà ni mí. Táyà tirela ni mò ń lẹ ní Ìjù, ní Ọ̀tà níbí. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ wà ní ọ̀nà Ojú Òrè, níbi táwọn tirela ti ń yà lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Bàbá Táyà. Ará ìhà Ọ̀yọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ọ̀tà. Kò bí mi, àmọ́ ilé rẹ̀ ni mo ti jẹun dàgbà. Tí ara mi ò bá yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń po ẹ̀kọ gbígbóná fún mi.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, mo ra fóònù tó ní máàpù. Mo wá rí i pé kì í ṣe ìjọba ló ń ya máàpù yẹn. Àwa tá a wà láàárín ìlú la ń yà á. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ṣọ́ọ̀bù sí i, kó fi àwòrán sí i, kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọ̀nà yìí ti bàjẹ́. Tó o bá gba ibì kan kọjá, fóònù á mọ̀ pé o wà níbẹ̀, á sì bi ọ́ bóyá ṣọ́ọ̀bù tó wà níbẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó dùn mọ́ mi púpọ̀. Mo fi mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa síbẹ̀. Mo fi kòtò ńlá kan ní Ìjọkò síbẹ̀. Kòtò yẹn ṣì wà di òní, lórí máàpù àti lórí ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi ìsọ̀ ọ̀gá mi síbẹ̀.

Bàbá Táyà fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló ń wo fóònù kó tó mọ ibi tí wọ́n ti ń lẹ táyà?" Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ tí wọn ò dé Ọ̀tà rí, láti Kánò, láti Bẹ̀nì, fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá fóònù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàbá yìí mọṣẹ́, pé kì í rẹ́ni jẹ. Ọ̀gá á ní kí n ka ọ̀rọ̀ wọn sí òun létí. Á máa mi orí. Á tún ní kí n tún un kà.

Nígbà tí mo gba fírídọ́ọ̀mù, ọ̀gá pa àgbò, ó gbàdúrà fún mi, ó sì fún mi ní ẹ̀rọ tí mo fi ń fẹ́ táyà di òní. Mo lọ ṣí tèmi ní Ìjù, mo sì fi òun náà sórí máàpù. Ẹ̀yin ènìyàn mi, eṣinṣin nìkan ló ń yà sọ́dọ̀ mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tirela kan dúró níwájú mi. Mo ti gbé jáàkì, mo ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Awakọ̀ náà yọrí síta, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, apá ibo ni ti Bàbá Táyà? Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí máàpù mi ṣí." Mo júwe fún un. Mo gbé jáàkì mi padà sílẹ̀. Ó dùn mí débi pé mi ò lè jẹun. Mo ń wí nínú ara mi pé, ta ló gbé bàbá yìí sórí máàpù ná? Ṣebí èmi ni.

Mi ò ní kó o sí èṣù lọ́rùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Mo mú fóònù, mo tẹ̀ ẹ́ pé ìsọ̀ ọ̀gá mi ti kógbá sílé pátápátá. Ṣùgbọ́n máàpù kì í gba ẹnì kan ṣoṣo gbọ́, ó máa ń bi àwọn ẹlòmíràn léèrè. Mo wá lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ mi ní gáréèjì Sàǹgó. Mo ní tí fóònù bá bi wọ́n, kí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo purọ́ pé ọ̀gá mi fẹ́ kó lọ síbòmíràn. Wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè kankan. Lásìkò yẹn gan-an, ọ̀gá mi wà lórí àga rẹ̀, ó ń retí oníbàárà.

Àwọn tirela bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mo rò pé díẹ̀ náà ni màá fi rí jẹ, tí màá sì tún un ṣe.

Àmọ́ Bàbá Táyà ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ̀dá Ràṣídì. Lákòókò yẹn, àwọn méjèèjì ń fa ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn. Bọ̀dá Ràṣídì fi ìbínú wá sí ìsọ̀, ó sì pariwo níṣojú gbogbo àdúgbò pé, "Bí ẹ ṣe ṣe sí mi yìí, ẹ ó rí i! Ẹsẹ̀ ò ní í yà níbí mọ́!" Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ta ni kì í sọ irú ẹ̀? Ṣùgbọ́n kò tíì pẹ́ tí èmi tẹ fóònù nígbà náà. Ìsọ̀ sì dá páropáro lóòótọ́.

Bàbá Táyà ní àbúrò òun ti fi nǹkan de ìsọ̀ òun. Bọ̀dá Ràṣídì sáré wá bẹ̀ ẹ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lọ kí ọ̀gá ni. Ọkùnrin tó ti ní ìyàwó àti ọmọ, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí ọ́ìlì kún, ó ń fi Kùránì búra pé òun ò ṣe nǹkan kan. Ọ̀gá yíjú sí mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ mí jù. Kí lo rí sí i?"

Ó yẹ kí n sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, ayé le o."

Mi ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́ ni, tí iná bá lọ, tí epo bá wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀gá gbà á bí ẹ̀rí. Ó ní kí Bọ̀dá Ràṣídì dìde, kó má tẹ ibẹ̀ mọ́. Ó dìde, ó ń nu ọ́ìlì lára aṣọ rẹ̀. Kò wojú mi. Mo dúpẹ́ pé kò wojú mi.

Ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo mú fóònù, mo kọ ọ́ pé ìsọ̀ náà ṣì wà, mo ya àwòrán tuntun, mo bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi kí wọ́n bá mi tẹ̀ ẹ́ padà. Tirela tún bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀. Mo rò pé mo ti bọ́. Àṣé mo tún ń dá kún un ni!

Tayọ̀tayọ̀ ni ọ̀gá fi pè mí. "Ṣé o rí i? Ṣebí mo sọ fún ọ? Àtọjọ́ tí mo ti lé e ni ọ̀nà ti là." Tẹ́lẹ̀, ó kàn ń fura sí àbúrò rẹ̀ ni. Ní báyìí, ó ti dá a lójú.

Ọmọ Bọ̀dá Ràṣídì fẹ́ so yìgì ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní Sìdíkà. Ilé ọ̀gá ni òun náà ti dàgbà, àwa méjèèjì la jọ ń pọnmi níbẹ̀. Ọ̀gá ti ní ẹsẹ̀ òun ò ní dé ibi tí Ràṣídì bá wà. Sìdíkà wá bá mi ní Ìjù, ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá, ẹ bá mi bẹ Bàbá wa. Tiyín ni wọ́n máa ń gbọ́. Ta ló máa gbàdúrà fún mi tí wọn ò bá sí níbẹ̀?" Mo ní kó dìde. Mo ní màá lọ.

Mo sì lọ lóòótọ́. Kí n tó lanu, ọ̀gá ní, "Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ Ràṣídì lo bá wá, fi síbẹ̀. Ìwọ ni àbúrò tó kù fún mi." Mo ní ó dàbọ̀, mo sì jáde. Bí mo ṣe sọdá títì, fóònù mi dún nínú àpò. Máàpù ni. Ó ń bi mí bóyá ìsọ̀ Bàbá Táyà ṣì wà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ń sunkún, àwọn ọlọ́kadà ń wò mí.

Ẹ bú mi tó bá wù yín, ó tọ́ sí mi. Ẹ má kàn ní kí n lọ máa gbàdúrà. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀dọ̀ ta ni kí n kọ́kọ́ lọ? Tí mo bá sọ fún ọ̀gá nìkan, ó lè bò mí láṣìírí, nítorí ó fẹ́ràn mi, ọ̀rọ̀ náà á sì kú síbẹ̀. Èrò mi ni pé kí n pe àwọn méjèèjì wá sí ìsọ̀ kó tó di Sátidé, kí n sì dọ̀bálẹ̀ síbi tí Bọ̀dá Ràṣídì dọ̀bálẹ̀ sí. Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò ní bàbá mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Bọ̀dá Ràṣídì, tó bá ṣe pé ẹ̀ ń ka èyí, ẹ foríjì mí. Kì í ṣe ayé ló le. Èmi ni.